Thomas Birch Freeman: Olùtọ́jú ọgbà tó gbé ìhìnrere dé Kumasi àti Abẹ́òkúta, tí ikú àti gbèsè dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò

Ní Suame Magazine, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, irin kì í sinmi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì, wẹ́dà, panẹbítà, rìwáyà àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń jẹun níbẹ̀. Orúkọ Magazine tí wọ́n ń pe ibẹ̀ wá láti ara ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní Kumasi láyé ìjọba amúnisìn. Ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́kọ́ pàgọ́ sí kí wọ́n tó kó lọ sí Suame.

Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí mọ́tò tó dé, ní oṣù Kejìlá ọdún 1841, kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan ti wọ Kumasi. Ẹṣin kọ́ ló fà á, èèyàn ni. Láti etíkun ni wọ́n ti ń fà á bọ̀, la àárín igbó kìjikìji kọjá. Ọkùnrin tó kó o wá fún ọba kò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ tó sin ìyàwó rẹ̀ kejì. Thomas Birch Freeman ni orúkọ rẹ̀, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni nínú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Ọdún kan gééré lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí kan náà ló jókòó níwájú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta. Ìdí nìyí tí ìtàn rẹ̀ fi jẹ́ ti àwọn Asante, tó sì jẹ́ ti àwọn Yorùbá. Ìtàn náà kò dùn látòkè délẹ̀. Ìtàn ẹni tó gbà pé Ọlọ́run rán òun níṣẹ́ ni, tó jẹ́ iṣẹ́ náà, tí àdánù sì ń tẹ̀lé àdánù lójú ọ̀nà.

Ta ni Freeman?

Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní abúlé Twyford, nítòsí ìlú Winchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, Amy Birch. Ní àkókò yẹn, ọdún méjì péré ni òfin tó ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tíì pé, àwọn tó ṣì wà lóko ẹrú ní àwọn erékùṣù West Indies kò sì níye. Ọmọ adúláwọ̀ tó dàgbà sí abúlé òyìnbó lásìkò bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìmọ̀ pé òun yàtọ̀.

Iṣẹ́ ọgbà ni Freeman yàn láàyò. Kì í ṣe ẹni tó kàn ń gé koríko. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa igi àti òdòdó débi tó fi mọ orúkọ wọn ní èdè Látìn, ìmọ̀ yìí kò sì fi í sílẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́. Ó di olùtọ́jú ọgbà fún ọlọ́lá kan, Sir Robert Harland, ní Orwell Park nítòsí ìlú Ipswich. Iṣẹ́ gidi ni, owó ń wọlé déédéé, ilé sì wà láti gbé.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ibẹ̀ ni ìdánwò àkọ́kọ́ ti dé. Freeman fi Ìjọ Àǹgílíkà sílẹ̀, ó darapọ̀ mọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Ìjọ Elétò. Lójú ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìjọ mẹ̀kúnnù ni Mẹ́tọ́díìsì, kò sì yẹ kí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn bá wọn dà á pọ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Freeman.

Kò padà sẹ́yìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ náà ń wá ẹni tí yóò lọ sí Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó gbé Elizabeth níyàwó, ẹni tó ti jẹ́ alábòójútó ilé fún Harland. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1837, tọkọtaya tuntun náà wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún Gold Coast lásìkò náà mọ ohun tó ń ṣe. Joseph Dunwell, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ níbẹ̀, gúnlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1835, ó sì kú kí ọdún náà tó dé ìdajì. Tọkọtaya méjì, Wrigley àti Harrop, ni wọ́n rán tẹ̀lé e. Ibà àti àìsàn etíkun ni wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri.

Sàréè ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀

Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1838 ni ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Cape Coast. Ìròyìn tó kí wọn káàbọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣẹ́kù láyé. George Wrigley, tó gbẹ̀yìn wọn, ti kú ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Ilé ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ ṣì wà ní àìparí.

Kò pẹ́ tí ibà fi dá Freeman fúnra rẹ̀ wó. Elizabeth jókòó tì í, ó ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ara ọkọ ti ń yá bọ̀, àìsàn kọlu ìyàwó, kò sì dá a sí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì, tí wọn kò tíì lo oṣù méjì nílẹ̀ náà, Elizabeth jáde láyé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìdí wà fún Freeman láti padà sílé. Ẹgbẹ́ tó rán an kò ní lè bá a wí. Bí èèyàn bá sì ń wá àmì pé Ọlọ́run kò sí nínú ìrìnàjò kan, àmì wo ló tún ń wá ju èyí lọ?

Freeman kò kà á bẹ́ẹ̀. Ó dúró. Ó parí ilé ìsìn tí Wrigley fi sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Àwọn ọmọ Fante tí wọ́n ti ń ka Bíbélì papọ̀ ní Cape Coast kí ajíhìnrere kankan tó dé ló di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, William de Graft, ni yóò bá a dé Àgbádárìgì lọ́jọ́ iwájú. Ara ohun tó mú Freeman yàtọ̀ nìyẹn: láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti gbà pé ọmọ ilẹ̀ ló lè gbé iṣẹ́ náà ró, nítorí òyìnbó ń kú jù.

Ọ̀nà Kumasi

Kumasi ni olú ìlú ìjọba Asante, ìjọba tó lágbára jù lọ ní agbègbè náà. Ogun ti wà láàárín Asante àti àwọn ará etíkun tí òyìnbó ń tì lẹ́yìn. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1831 kò tíì pẹ́, ọkàn àwọn èèyàn kò sì tíì balẹ̀ tán.

Ní òpin oṣù Kìíní ọdún 1839, Freeman gbéra láti Cape Coast. Nígbà tó dé ẹnu ààlà Asante, wọ́n ní kó dúró. Asantehene Kwaku Dua Kìíní, tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, kò mọ ohun tí àlejò yìí ń wá. Ṣé oníṣòwò ni? Ṣé amí ni? Freeman lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní Fomena. Kò bínú, kò sì padà. Ó ń wàásù fún àwọn tó wà láyìíká rẹ̀, ó ń wo igi àti òdòdó inú igbó, ó sì ń retí àṣẹ.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ni wọ́n jẹ́ kó wọ Kumasi. Àwọn ìjòyè jókòó lábẹ́ agboòrùn ńlá, wúrà ń tàn lára wọn, èèyàn pọ̀ lọ bí omi. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ tó lò níbẹ̀, ẹbí ọba kan kú, wọ́n sì fi èèyàn rúbọ nítorí ìsìnkú náà gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà yẹn. Freeman rí òkú wọn lójú pópó. Kò ní agbára láti dá a dúró. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ ọba ni ààyè láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti láti máa wàásù. Kò rí ohun tó béèrè gbà tán lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọba kò lé e, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ nínú igbó

Ní ọdún 1840, Freeman padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú de Graft. Wọ́n lọ káàkiri, wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Ìtàn Kumasi wọ àwọn ọmọ ìjọ lára, owó jáde, àwọn ajíhìnrere tuntun sì yọ̀ǹda ara wọn. Níbẹ̀ ni Freeman ti fẹ́ ìyàwó kejì, Lucinda Cowan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1841, gbogbo wọn ti wà ní Cape Coast.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Lucinda kú.

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin ni ilẹ̀ kan náà gba ìyàwó lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ojú ìbẹ̀rù ni aládùúgbò yóò fi máa wò ó. Freeman sin òkú rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu ìmúrasílẹ̀ ìrìnàjò tó ti ṣèlérí fún ọba Kumasi.

Ní oṣù Kọkànlá, ó gbéra. Àwọn ọmọ aládé Asante méjì ló bá a lọ: Owusu Ansa àti Owusu Nkwantabisa. Wọ́n ti fi àwọn méjèèjì lé òyìnbó lọ́wọ́ nígbà àdéhùn ọdún 1831, wọ́n sì ti kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ajíhìnrere kan, Robert Brooking, náà wà pẹ̀lú wọn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì fi ránṣẹ́ sí ọba ló mú ìrìnàjò náà le jù.

Ọ̀nà tó wà nígbà náà kò ju ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ. Wọ́n gé igi, wọ́n la igbó, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà kọjá odò àti òkè. Ẹṣin kò lè yè nínú igbó yẹn nítorí irù, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi fà á. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó dé Kumasi ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1841. Inú ọba dùn sí ẹ̀bùn náà, inú rẹ̀ sì dùn láti rí àwọn ọmọ aládé tí òyìnbó kó lọ tí wọ́n padà bọ̀ láàyè. Ó fún ìjọ ní ilẹ̀, Brooking sì dúró sẹ́yìn láti máa gbé Kumasi.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìhìnrere bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi. Ó yẹ kí a sọ òótọ́: ìkórè ibẹ̀ kò pọ̀ nígbà ayé Freeman. Àwọn tó gba ìsìn tuntun náà kéré, nígbà tí àlàáfíà láàárín Asante àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì tún dàrú, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 1874, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun Kumasi. Lójú ẹni tó ń ka èrè, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti wọgbó.

Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ìrìnàjò kẹ̀kẹ́ náà tí ìpè mìíràn fi dé. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sierra Leone, ti ń padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ̀wé láti Àgbádárìgì pé àwọn ń fẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí yóò máa bójú tó wọn.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Freeman àti de Graft pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Òwò ẹrú ṣì ń lọ ní pẹrẹu ní etíkun náà. Wọ́n fi ọparun kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n sì ń wàásù. Ọjọ́ yẹn ni Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dòní.

Freeman fẹ́ rí Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Sàró tó jẹ́ Ẹ̀gbá ti padà sí. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ló débẹ̀. Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìlú tí ogun tú ká, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ara rẹ̀ jọ lábẹ́ Olúmọ ni Abẹ́òkúta nígbà yẹn, nǹkan bí ọdún méjìlá péré ló ṣì pé. Àwọn òbí ń rí ọmọ tí wọ́n ti rò pé ó ti kú sóko ẹrú. Ṣódẹkẹ́ mọ̀ pé àwọn òyìnbó ló gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀ lójú omi, kò sì fi ìdùnnú rẹ̀ pamọ́.

Nígbà tí Freeman padà dé Àgbádárìgì lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti ẹgbẹ́ CMS níbẹ̀. Ìjọ Àǹgílíkà tí Freeman fi sílẹ̀, tó tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́, ni Townsend ń ṣojú fún. Àwọn méjèèjì ṣe Kérésìmesì ọdún 1842 papọ̀ láìsí ìjà, Townsend sì kọjá sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1843, Freeman forí lé Dàhòmì láti lọ rí Ọba Gezo, torí pé ọwọ́ ọba yìí ni àlàáfíà agbègbè náà wà. Ó gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n ìwàásù kò yí ètò ogun padà: ní oṣù Kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Gezo kọlu Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ìwé tí Freeman kọ nípa ìrìnàjò rẹ̀ sí Asante, ọ̀dọ̀ àwọn Akú, ìyẹn Yorùbá, àti Dàhòmì jáde ní ọdún 1844.

Nígbà tí ẹ̀sùn dé láti inú ilé

Ikú, ibà àti ọba tó ń fura kọ́ ló le jù fún Freeman. Owó ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí. Ó ń kọ́ ilé ìsìn, ó ń ṣí ilé ẹ̀kọ́, ó dá oko ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ nítòsí Cape Coast tó pè ní Beulah, ó sì ń fún àwọn ọba lẹ́bùn. Ohun tó ń ná ju ohun tí ìgbìmọ̀ London fọwọ́ sí lọ. Lọ́dọọdún ni ìwé ìbéèrè ń dé, lọ́dọọdún sì ni gbèsè ń ga.

Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti olè. Kò kó owó ìjọ jẹ. Àmọ́ owó ìjọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìgbàgbọ́ nìkan ná, àṣìṣe sì ni pé kò fi etí sí ìkìlọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún un. Ní ọdún 1857, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Ẹ wo ìdánwò yìí dáadáa. Nígbà tí àwọn ìyàwó rẹ̀ kú, ó lè sọ pé ohun tó kọjá agbára òun ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà Kumasi dí, ó lè sọ pé ọba ni kò fẹ́. Ní ti gbèsè, kò rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Ẹni tó ní ìgbàgbọ́ tó fi gba àdánù mọ́ra gbọ́dọ̀ wá mọ bí a ti ń gba ẹ̀bi mọ́ra.

Freeman kò sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti fẹ́ ọmọ Fante kan, Rebecca Morgan, ní ọdún 1854, wọ́n sì ń bímọ. Ó gba iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí alákòóso agbègbè Accra, ó ṣe é di ọdún 1860, ó sì padà sídìí iṣẹ́ tó kọ́kọ́ mọ̀: ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn. Kò dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti fi bá àwọn tó dá a lẹ́bi jà. Kò sì yéé wàásù níbi tí wọ́n bá ti pè é.

Ìpadàbọ̀

Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá. Ní ọdún 1873, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ìjọ gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́ òjíṣẹ́. Wọn kò fi í ṣe olórí mọ́. Àwọn tó kéré sí i ló wà lókè rẹ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n rán an, ní Anomabu àti ní Accra, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gba ìrìbọmi lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìkórè tó tóbi jù ti bọ́ sí i lọ́wọ́, nígbà tí kò sí kẹ̀kẹ́ ẹ̀bùn, tí kò sì sí owó London láti ná.

Ó wà láàyè nígbà tí ìjọ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ní Gold Coast ní ọdún 1885. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890, Thomas Birch Freeman jáde láyé ní Accra, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ní etíkun tí wọ́n ń pè ní ibojì òyìnbó.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Kumasi tún ṣí sílẹ̀ fún ìjọ náà, lónìí sì rèé, ilé ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì wà káàkiri ìlú náà. Àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní Kumasi kí òfin ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ àjèjì kúrò ní Ghana mọ àwọn ilé náà dáadáa. Ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ka ìtàn ìgbàgbọ́ wọn dé oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842.

Freeman kò rí púpọ̀ nínú èyí. Ohun tó rí ní Kumasi ni ìjọ kékeré tó tú ká. Ohun tó rí ní Cape Coast ni sàréè méjì. Bí ó bá jẹ́ pé èrè ojú ẹsẹ̀ ló fi ń díwọ̀n ìgbọràn, ì bá ti wọ ọkọ̀ padà sílé ní ọdún 1838. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ èso igi tó gbìn, ó sì jọ pé olùtọ́jú ọgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe rí.